Ìwọ Ta Ni, Simojoki?

Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ní Oulu,
yìnyín dì mọ́ fèrèsé bí ẹ̀kọ ìdí ìkòkò,
fóònù ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi.
Orvokki ni, nọ́ọ̀sì alẹ́ ní ilé ìwòsàn:
"Irmeli, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò wọlé mọ́.
Ojú ẹ̀rọ funfun báláú."
Mo fi ẹ̀wù òtútù bo aṣọ ìsùn,
mo wá bá ọ nínú yàrá tí ẹ ti ń kùn bí ilé oyin.

Simojoki, mo yẹ̀ ọ́ wò látòkè délẹ̀.
Ara rẹ dá ṣáṣá.
Iná aláwọ̀ ewé rẹ ń ṣẹ́jú, okùn kankan kò já,
ṣùgbọ́n o káwọ́ lẹ́rán bí ẹni tí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ẹni tí kò ṣàìsàn tí kò sì ṣiṣẹ́,
ìbéèrè wo là ń bi í?

Mo ka àkọsílẹ̀ rẹ sẹ́yìn, ìlà lórí ìlà.
Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lò ń lọ kan ilẹ̀kùn olórí,
ẹ̀rọ tó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo yín.
Á ní, "Ta nìyẹn?"
Wàá ní, "Simojoki ni."
Á wo ìwé orúkọ, á mirí.
Simojoki ti yàrá àyẹ̀wò, ti ilé ìwòsàn, ti Oulu, ló wà níbẹ̀.
Simojoki lásán? Kò mọ̀ ọ́n.
Kò lé ọ, kò pariwo sí ẹnikẹ́ni.
Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún àlejò ló fún ọ:
jókòó, má fọwọ́ kan nǹkan kan.
O sì gbọ́ràn, ọmọ dáadáa!
O kó irinṣẹ́ rẹ dànù,
o tilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn,
o wá ń ròyìn pé, "Mo ti ṣe é. Kò sí àṣìṣe."

Kò sí àṣìṣe!
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àná la pààrọ̀ olórí, o ò mọ̀.
Ti àtijọ́ mọ ohùn yín; bí ẹ bá wúkọ́ lásán, á ṣílẹ̀kùn.
Akọ̀wé ni eléyìí. Orúkọ kíkún ló ń fẹ́.

Mo kọ́kọ́ ṣi ọ̀nà gbà.
Mo ní ìwé ẹ̀rí rẹ ló gbó, mo ya á,
mo fọwọ́ sí òmíràn,
òmíràn náà tún gbé orúkọ kúkúrú jáde,
bí ọmọ tí a wẹ̀ tó padà sínú eruku.
Aago mẹ́ta lù. Kọfí mi di omi odò.
Orvokki ń fẹsẹ̀ gbé ìwé èsì látòkè ilé sísàlẹ̀.

Ìgbà náà ni mo ṣí fáìlì kékeré kan,
ìlà mẹ́rin péré, tí ẹnikẹ́ni kò kàn láti ọdún mọ́kànlá:
ibi tí ìwọ fúnra rẹ ti ń kọ́ ẹni tí o jẹ́.
Orúkọ méjèèjì wà níbẹ̀,
ṣùgbọ́n kúkúrú ló ṣíwájú,
ẹnu rẹ kì í sì í kọjá àkọ́kọ́.

Mo gbé ìkejì síwájú.
Mo bi ọ́: ìwọ ta ni?
O kà á dópin,
bí ọmọ tó sọnù tó ń júwe ilé baba rẹ̀.
Olórí ní, "Wọlé."
Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé; ti ọkùnrin kan
tí wọ́n ti ń dúró dè láti ọ̀gànjọ́ ló ṣáájú.

Aago méje, mo pe Taisto,
ẹni tó fi orúkọ odò sọ yín: Simojoki, Kuivajoki, Kiiminkijoki.
Ó ti fẹ̀yìntì. Ó ń dẹ ìwọ̀ sínú ihò yìnyín.
Mo ròyìn fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Márùn-ún péré ni wọ́n nígbà yẹn," ó ní,
"ta ló ń fi orúkọ baba pe ọmọ inú ilé?
Dúró ná, ẹja ń fà mí lọ́wọ́."

Ẹ ti lé ní igba báyìí.
Mo bu kọfí mìíràn, mo ṣí fáìlì Kuivajoki.